Tábà Nínú Ooru: Ohun Tí Ọyẹ́ àti Òjò Ń Ṣe sí Ewé àti Ìkòkò ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Bí oṣù kejì ọdún bá ti ń parí lọ, tí ọyẹ́ ti kógbá wọlé, tí òjò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, ooru tó máa ń mú ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe kékeré. Lọ́sàn-án, ìwọ̀n ooru a máa ré kọjá 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a sì máa kan 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láwọn ọjọ́ kan. Yàrá tí wọ́n fi páànù bò láìní àjà a tún gbóná ju ìta lọ. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn tó ń fi ìkòkò fa tábà máa ń ké gbàjarè pé ẹrù àwọn ti bàjẹ́. Tábà ti ẹnìkan á gbẹ débi pé bí ó bá fọwọ́ kàn án, á di ẹ̀tù. Ti ẹlòmíràn á kún fún ihò wínníwínní. Ìkòkò igi tí wọ́n rà lówó gọbọi á sán láti ẹnu dé ìdí. Ooru ni gbogbo wọn máa ń di ẹ̀bi náà rù. Èrò tèmi ni pé ẹ̀bi náà pọ̀ jù fún ooru nìkan. Omi tó wà nínú ewé, bó ṣe ń jáde nígbà ọyẹ́ tó sì ń wọlé nígbà òjò, ló ń ba tábà jẹ́ jù lọ nílẹ̀ wa, kòkòrò ló sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí kò ní náwó sórí bí yóò ṣe sá fún ooru tí kò ṣeé sá fún. Yóò wá bí yóò ṣe mú kí omi inú tábà rẹ̀ dúró sójú kan.

Ẹ̀rí tó kọ́kọ́ yẹ kí a yẹ̀ wò wà lóko. Ilé iṣẹ́ British American Tobacco ti ń ṣòwò ní Nàìjíríà láti ọdún 1912. Nígbà tó fi máa di 1937, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sígá ti dúró n'Íbàdàn, ó sì nílò ewé tí wọ́n gbìn nítòsí. Bí àgbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ògùn ṣe di ilẹ̀ olóko tábà nìyẹn, iṣẹ́ náà sì ń bá a lọ nígbà tí Nigerian Tobacco Company gba àkóso rẹ̀ ní 1951. Ọ̀nà méjì ni àwọn àgbẹ̀ fi ń gbẹ ewé. Àwọn kan ń so ó rọ̀ sábẹ́ àtíbàbà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn mìíràn ń kó o sínú ilé gogoro kan tí wọ́n ń dáná sí láti ìta, tí páìpù irin ń gbé ooru iná káàkiri inú rẹ̀ láìjẹ́ kí èéfín kan ewé. Nínú ilé iná yìí, nǹkan bí ìwọ̀n 35 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kí àwọ̀ ewé lè yí sí ti ìyeyè. Wọ́n á wá máa fi ooru kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, títí yóò fi tó nǹkan bí 70, kí egungun àárín ewé náà lè gbẹ. Ìyẹn ni pé ewé tí wọ́n gbẹ nínú ilé iná ti rí ooru tó tó ìlọ́po méjì ti ọ̀sán gangan Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ohun tó la ìyẹn kọjá kò lè bàjẹ́ kìkì torí pé yàrá gbóná dé ìwọ̀n 35.

Ohun tí àwọn àgbẹ̀ náà ń ṣe lẹ́yìn tí iná bá kú ló tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilé iná kì í ṣeé fọwọ́ kàn. Bí a bá gbé e, fífọ́ ni yóò fọ́. Nítorí náà, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn ilé náà sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ òru àti ti ìdájí wọ inú rẹ̀, kí ewé lè fa ọ̀rinrin díẹ̀, kó rọ̀, kó tó di pé wọ́n ṣà á, wọ́n dì í. Kò sí ẹni tó da omi sí i lórí. Afẹ́fẹ́ lásán ló fún un lómi, nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kan náà yìí lè gba omi ọ̀hún padà lọ́sàn-án bí wọn kò bá tètè dì í. Ẹni tó bá lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn ti mọ ohun tó pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń tọ́jú tábà.

Ewé tábà gbígbẹ àti gààrí ń hùwà kan náà. Gààrí tí a fi sílẹ̀ láìdé ní oṣù keje á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ra. Èyí tí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́ á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Bí omi inú afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ tó ni ewé yóò ṣe wá tirẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún díwọ̀n ọ̀rinrin afẹ́fẹ́: 100 ni afẹ́fẹ́ tó ti yó fún omi, tí ìrì fẹ́ máa sẹ̀. Níbi tí ọ̀rinrin bá wà láàárín 60 sí 65, tábà ìkòkò á rọ̀ níwọ̀nba, á sì jó geerege. Bó bá ré kọjá 75, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, èbu yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Bó bá wá lọ sílẹ̀ ju 40 lọ, ewé á máa fọ́ wẹ́wẹ́, iná á jó o lójijì, èéfín rẹ̀ á sì máa ta ahọ́n. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìlú wa. Ní òwúrọ̀ ìgbà òjò, ọ̀rinrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ a máa ju 80 lọ. Ní ọ̀sán ìgbà ọyẹ́, tí ètè ń sán, tí ilẹ̀kùn igi ń súnkì, ó lè wálẹ̀ ju 30 lọ. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, tábà tí a kò dé dáadáa yóò rìn láti ibi tí èbu ti ń hù dé ibi tí ewé ti ń di ẹ̀tù, yóò sì tún padà. Ẹni tó ń gbé ní London kì í rí irú èyí, torí náà ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ sára agolo níbẹ̀, pé kí a sáà gbé e síbi tó tutù, kò tó wa lò.

Kì í ṣe ìṣòro tuntun. Láti ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn oníṣòwò ti ń kó tábà láti Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, wá sí etíkun wa, sí Ouidah, Pọ̀tò-Nófò, Àgbádárìgì àti Èkó, òwò náà sì wọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òwò búburú ni, nítorí ènìyàn ni wọ́n ń fi tábà ọ̀hún rà. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a fún lórúkọ Fátúńbí, kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀ tó jáde ní 1968. Àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Pọtogí ti pàṣẹ pé èyí tó dára jù nínú ewé Bahia, Lisbon ni kó máa lọ. Ewé onípò kẹta, tó kéré, tó ya, ni wọ́n gbà kí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ wa. Kí ewé yẹn má bàa bàjẹ́ lórí omi, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á ká a jọ di òṣùṣù ńlá, wọ́n á fi oyin ìrèké kùn ún dáadáa, wọ́n á wá fi awọ màlúù dì í. Oyin ìrèké yìí ló ṣe iṣẹ́ tó jọni lójú. Ṣúgà inú rẹ̀ ń di omi mú, kò jẹ́ kí ewé gbẹ, kò sì jẹ́ kí omi náà tú sílẹ̀ fún èbu. Ó tún fún tábà náà ní adùn kan tí àwọn ará etíkun wá fẹ́ràn, débi pé wọn kì í fẹ́ gba òmíràn dípò rẹ̀. Tábà onípò kẹta, tí wọ́n tọ́jú dáadáa, borí tábà tó dára jù ú lọ tí wọn kò tọ́jú. Lónìí, glycerine àti propylene glycol ni àwọn tó ń ṣe tábà ìkòkò sábà máa ń lò, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe.

Láti etíkun ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti ń gòkè lọ sílẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí ahoro rẹ̀ wà nínú ọgbà Old Oyo National Park báyìí, àti ní Ẹdẹ-Ilé, ìlú tí Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó sí apá Ọ̀ṣun, àwọn awalẹ̀pìtàn hú àwọn ìkòkò tábà tí wọ́n fi amọ̀ mọ jáde nínú ilẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tábà ti wá, nítorí náà ibi tí wọ́n bá ti rí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀, wọ́n mọ̀ pé erùpẹ̀ ibẹ̀ kò lè ṣáájú nǹkan bí ọdún 1600. Nígbà tí Clapperton àti Lander dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826, lójú ọ̀nà tí wọ́n gbà láti Àgbádárìgì, tábà ti di ohun tí ará ilé àti ará oko mọ̀ dáadáa. Ìgbà tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ ti òní dó ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, tábà bá wọn dé ibẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tó tọ́ kí a dáhùn níhìn-ín. Bí ó bá jẹ́ pé omi ló ń ba tábà jẹ́, báwo ni àwọn bàbá wa ṣe ń fi ewé há abẹ́ òrùlé, tí wọ́n ń fi àpò awọ gbé e kiri, tí kò sì bàjẹ́? Ìdáhùn kìíní ni pé ibi tí wọ́n ń fi í há kì í ṣe ibi lásán. Lókè àdògán ni, níbi tí èéfín igi ìdáná ti ń kọjá lójoojúmọ́. Èéfín náà ń lé kòkòrò, ooru iná sì ń dènà èbu nígbà òjò, bó ṣe ń ṣe fún àgbàdo irúgbìn. Lónìí tí gáàsì ti gba ipò igi nínú ilé púpọ̀, abẹ́ páànù tí kò ní èéfín kò dà bí ibẹ̀ mọ́. Ooru nìkan ló kù níbẹ̀, ààbò ti lọ. Ìdáhùn kejì ni pé tábà wọn kì í pẹ́. Ọjà ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ń ná, ìwọ̀nba tí wọ́n á lò títí di ọjà mìíràn ni wọ́n ń rà. Àpò awọ tí àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́ ń ṣe rẹwà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń fa ìkòkò máa rà á, àmọ́ awọ ń mí. Tábà ọjọ́ kan tàbí méjì ló wà fún. Ẹni tó bá fi tábà oṣù mẹ́fà sínú rẹ̀ nígbà ọyẹ́ ń fi tábà tọrẹ fún afẹ́fẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò náà le, ibẹ̀ sì ni mo gbà pé ooru ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú. Kòkòrò kan wà tó kéré gan-an, gígùn rẹ̀ kò ju mílímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ, àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó sì tẹ orí rẹ̀ mọ́ abẹ́ bí ẹni ń wo ilẹ̀. Lasioderma serricorne ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Orí tábà ló ń yé ẹyin sí, ìdin tó bá jáde níbẹ̀ ló sì ń jẹ ewé, tó ń lu ihò káàkiri. Ẹyin yẹn lè ti wà nínú tábà láti ibi tí wọ́n ti rà á. Kì í ṣe tábà nìkan ló ń jẹ: ata gbígbẹ, atalẹ̀, ìrẹsì, gbogbo wọn ni oúnjẹ rẹ̀, nítorí náà ilé tí àpò ìrẹsì àtijọ́ bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú tábà ń wá wàhálà. Bí ìwọ̀n ooru bá wà ní nǹkan bí 30, tí ọ̀rinrin sì wà ní nǹkan bí 70, nǹkan bí oṣù kan péré tó fún ẹyin láti di kòkòrò tó ń fò. Bí ibi tó wà bá tutù tó nǹkan bí 17, kì í lè dàgbà mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ará Yúróòpù fi máa ń sọ pé ibi tutù ni kí a tọ́jú tábà sí.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo iye méjèèjì yẹn dáadáa, 30 àti 70. Oṣù kẹta tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù kọ́ ni wọ́n bá mu jù lọ. Ìgbà òjò ni. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, ooru inú ilé wa kì í lọ jìnnà sí 27 tàbí 30, ọ̀rinrin sì pọ̀ dáadáa. Àsìkò tí ara tu ènìyàn nìyẹn, òun náà sì ni kòkòrò ń bí sí i. Ẹni tó ń ṣọ́ tábà rẹ̀ ní oṣù kẹta, tó wá sinmi ní oṣù keje nítorí pé ojú ọjọ́ ti tutù, ó ṣọ́ ọ lásìkò tí kò tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ tún padà sórí omi, kódà níbi tí ooru ti jẹ̀bi.

Àwọn kan á ní ṣebí fíríìjì wà. Mi ò gbà pé ibẹ̀ ni ibùgbé tábà. Afẹ́fẹ́ inú fíríìjì òde òní máa ń gbẹ, á sì fa omi inú tábà tí a kò dé pinpin. Òórùn irú, ẹja àti ọbẹ̀ àná yóò wọ ewé, kò sì ní jáde mọ́. Èyí tó burú jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá gbé agolo tútù jáde sínú yàrá tó gbóná: bí a bá ṣí i lójú ẹsẹ̀, omi inú afẹ́fẹ́ yóò sẹ̀ sórí tábà bí ìrì, ewé tó wà ní ìwọ̀n tó tọ́ yóò sì rin gbindin. Bí iná mànàmáná bá tún ń lọ tó ń bọ̀, ìyípadà yìí yóò máa ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí ilẹ̀kùn. Fírísà tó le nìkan ni mo lè gbà, iṣẹ́ kan péré ló sì wà fún, pípa ẹyin kòkòrò. Bí ó bá tó ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo, tí iná kò sì já, kí a fi tábà tí a dì sínú ọ̀rá tó nípọn, tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, síbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, kí a gbé e sí fíríìjì fún ọjọ́ kan, ká wá gbé e síta, ká má sì tú ọ̀rá náà títí yóò fi bá ooru yàrá mu pátápátá. Níbi tí iná kò bá ti dúró, kí a má dán an wò rárá, torí pé fírísà tó ń yòrò lóru kò ní pa ẹyin kankan.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìgò gíláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò, tí ọmọrí rẹ̀ ní rọ́bà, ló dára jù, ó sì wà lọ́jà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé ìdáná. Gíláàsì kì í mí, kòkòrò kò sì lè lu ú. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ àti páálí kò tó nǹkan lójú ìdin yẹn, ó lè jẹ wọ́n lu. Kí a fi omi híhó fọ ìgò náà, kí a sì jẹ́ kó gbẹ dé ìdí, nítorí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó kù nísàlẹ̀ tó láti bí èbu. Kí a kó tábà kún un dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má pọ̀. Ìgò kékeré mẹ́rin sàn ju ńlá kan lọ, torí gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ìgò ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pààrọ̀. Mẹ́ta yóò dúró ní dídé nígbà tí a bá ń lo ọ̀kan. Kí a kọ oṣù àti ọdún sára rẹ̀. Nípa ibi tí a ó gbé e sí, inú àpótí nísàlẹ̀, nínú yàrá tó wà láàárín ilé, ló tọ́: kí ó jìnnà sí ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa, kí ó má sì wà lórí fíríìjì, nítorí fíríìjì ń tu ooru jáde. Inú ọkọ̀ ni kí a má fi í sí láéláé. Ọkọ̀ tí a ti pa nínú oòrùn lè gbóná kọjá ìwọ̀n 50, ewé tó wà nínú agolo á sì máa sè nínú omi ara rẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí ilé iná àgbẹ̀, níbi tí omi ti ń rí ọ̀nà jáde.

Bí tábà bá ti gbẹ jù, àwọn kan máa ń ju èèpo ọsàn tàbí èérún búrẹ́dì sínú rẹ̀. Nínú ooru wa, èbu ni wọ́n ń pè wọlé yẹn. Ohun tó sàn jù wà nílé amọ̀kòkò. Kí a mú àpáàdì kékeré kan tí kò kan epo rí, kí a sè é nínú omi, kí a nù ún títí omi kò fi hàn lójú rẹ̀ mọ́, kí a wá fi í lé orí tábà nínú ìgò fún ọjọ́ kan, ká tó yọ ọ́. Ìka ọwọ́ ló máa ń sọ bó ṣe kù. Bí a bá fún tábà mọ́ra láàárín ìka méjì tí ó fọ́, ó gbẹ jù. Bí ó bá di odidi tí kò tú, ó rin jù. Bí ó bá ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tó.

Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀ lórí ooru oṣù kẹta, ohun kan wà tí kò fẹ́ iná mànàmáná. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí ìkòkò-inú-ìkòkò rẹ̀: ìkòkò amọ̀ kékeré nínú ńlá, yanrìn láàárín méjèèjì, omi lórí yanrìn, aṣọ tútù lórí ẹnu rẹ̀. Bí omi bá ti ń gbẹ lára ìkòkò òde ló ń gbé ooru lọ, ohun kan náà tó ń mú omi àmù tutù. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ìyá amọ̀kòkò Dàda n'Ílọrin ń mọ ọ́n. Kí a gbé ìgò tábà tí a ti dé pinpin sínú rẹ̀, yóò tutù ju yàrá lọ dáadáa. Àmọ́ inú ìkòkò náà máa ń rin, nítorí náà kí a má da tábà sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò pẹ̀lú, kò ní ṣiṣẹ́, torí afẹ́fẹ́ tó ti yó fún omi kò lè gba òmíràn.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa bínú pé, kí ló dé tí a fi ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń tọ́jú ohun tó ń pani? Ìbínú náà ní ìdí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹ̀mí tí tábà ń gbà lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù méje lọ, èéfín ìkòkò kò sì sàn ju ti sígá lọ lára ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí tábà kà á léèwọ̀ láti tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹni tí kò bá fà á, kó má bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí mo ń wí yìí ń dáàbò bo àwọn tí kò fà á pẹ̀lú. Oró inú ewé tábà lágbára. Àwọn tó ń ká a tútù lóko mọ̀ pé ó lè gba awọ ara wọlé, kó máa kọ́ ènìyàn lóòyì, kó sì máa mú un bì. Ọmọ kékeré tó bá jẹ ẹ́ lè dákú. Tábà tó wà nínú ìgò tí a kọ orúkọ sí, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, sàn ju èyí tó wà nínú ọ̀rá lórí fèrèsé lọ. Tábà tó bá sì ti bu, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá a sóòrùn kó tún fà á. Dídànù ni.

Ó wá ku ìkòkò tí a fi ń fa tábà fúnra rẹ̀. Nínú ojú ìkòkò, níbi tí iná ti ń jó tábà, ooru ibẹ̀ lè ju ìwọ̀n 500 lọ. Igi tó ń fara da ìyẹn kò bẹ̀rù oṣù kẹta. Èyí tí wọ́n fi gbòǹgbò igi briar láti etí òkun Mẹditaréníà ṣe, tó jẹ́ pé òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ìkòkò igi, máa ń sán nítorí pé ó mu omi ní apá kan, ó sì gbẹ ní apá kejì. Omi ẹnu àti omi tábà ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ lù ú lójijì, awọ òde rẹ̀ á súnkì ṣáájú inú. Eérú tó kù nínú rẹ̀ náà ń fa omi mọ́ra. Nítorí náà, kí a gbọn eérú dànù nígbà tí ìkòkò bá ti tutù, kí a fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀, kí a fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tàbí ìyẹ́ adìẹ tó mọ́ gba ọ̀nà èéfín rẹ̀ kọjá, kí a sì jẹ́ kó sinmi ní ọjọ́ kan. Nígbà òjò, ọjọ́ méjì kò pọ̀ jù. Nígbà òjò náà ni igi tó di ìdí ọ̀pá tí a ń kì bọ ẹnu mú máa ń wú, tí ẹni tó bá fi agbára yọ ọ̀pá náà á sì ṣẹ́ ẹ. Kó dúró kó gbẹ. Ọ̀pá dúdú tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe ni oòrùn ń bá jà jù: ìmọ́lẹ̀ ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, kó di ti ewé gbígbẹ, kó sì máa rùn bí imí ọjọ́. Inú òkùnkùn ni ibùsùn rẹ̀.

Ìkòkò amọ̀ tí a fi ń fa tábà kò ní wàhálà púpọ̀. Ó ń mu omi, ó ń pọ̀ ọ́ jáde, kì í wú, ikán kì í jẹ ẹ́. Àwọn tó wà nínú ilẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé fún igba ọdún jáde síta, a ṣì mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Jíjábọ́ nìkan ló lè pa á.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní ìkòkò bàbá-ńlá nínú àpótí, tí kò sí ẹni tó ń fà á mọ́. Bí tiyín bá jẹ́ igi, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá, nítorí inú ọ̀rá ni èbu ti ń bá a. Ẹ fi aṣọ òwú wé e, ẹ gbé e sínú àpótí jìnnà sí ògiri tó ń rin, ẹ má fi epo kankan kùn ún, ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: kí ọyẹ́ tó dé ní oṣù kọkànlá, àti kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹrin. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun igi nísàlẹ̀ rẹ̀, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà kó tó ran ère àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tó wà nínú ilé.